Ta Ló Ń Kọ́ Tẹniọlá?

Wọ́n ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Ó kàn mí o! Bí ọ̀rọ̀ Tẹniọlá kò bá kan ẹnikẹ́ni nílùú Ọ̀wọ̀ yìí, ó kan èmi Qudirat, nítorí mo wà níbẹ̀, ojú mi rí i, mo sì jẹ níbẹ̀. Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni n ó fi sọ ọ́. Bí mo bá bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀ tiwa, èébú ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí à ń gbé, ọ̀ọ̀dẹ̀ àwọn Tẹniọlá sì kọjú sí mi gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó láti ìdí ẹ̀rọ mi. Mùsùlùmí ni èmi, Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn, a kò sì fi ọjọ́ kan bá ara wa jà lórí ìyẹn. Zipporah ni ìyá Tẹniọlá ń jẹ́, Ìyá Tẹni ni èmi ń pè é. Christopher ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lápá Ìdóàní, ìlú àwọn bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń padà, nítorí kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó tún ń fi ìrọ̀lẹ́ rin ọ̀nà yẹn, àwọn ajínigbé ò jẹ́. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Tẹniọlá ni àkọ́bí, Abigail ló tẹ̀lé e, Olúgbádé àti Akínjídé sì kéré. Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi bí, Kúlísúmù, ẹgbẹ́ Abigail ni.

Olùkọ́ gidi ni Ìyá Tẹni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilé ìwé aládàáni kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò pé, ọ̀gá wọn ní kí àwọn olùkọ́ kọ ìdáhùn sójú pátákó kí àwọn ọmọ lè dà á kọ. Wọ́n ti kọ ọ́ tán. Obìnrin yìí dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu pátákó náà mọ́ fínnífínní níwájú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ náà ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde níbẹ̀, ó ní òun ni yóò máa kọ́ wọn nílé nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run, pé ọmọ òun kò ní fi olè jíjà kàwé. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, orí mi a máa wú.

Ẹ wá wo ilé ìwé ní ọ̀ọ̀dẹ̀! Aago mẹ́jọ géérégé, agogo á dún. Wọn á kọrin, wọn á ka Bíbélì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka ẹsẹ tó ti há sórí. Ìyá wọn á ṣí rẹ́jísítà, á pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò, lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sàn-án, bí àwọn kékeré bá ti sùn, Tẹniọlá nìkan á jókòó ti ìyá rẹ̀, wọn á jọ máa ṣe iṣẹ́ tó le. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó fi òwú pupa àti òwú búlúù ṣàlàyé fún mi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú ara. Mo ní, “Ta ni yóò wá fẹ́ ọ báyìí, ìwọ tí o ti mọ inú ènìyàn tán?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá Kúlí, nọ́ọ̀sì ni mo máa ṣe. Èmi náà ni n ó máa gún yín lábẹ́rẹ́.” Kò sí ohun mìíràn tí ọmọ yẹn fẹ́ láyé. Nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, òun náà ni.

Ọdún tí ó pé mẹ́tàlá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá Christopher ní Ìdóàní. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ìyá àgbà yìí bí. Ẹ bi mí pé ta ló gbà á. Ọ̀kan ní iṣẹ́ ò jẹ́, ọ̀kan ní ìyàwó òun kò fẹ́. Christopher háyà mọ́tò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé ìyá rẹ̀ wá sí Ọ̀wọ̀, ó gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́, nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ti padà síbi iṣẹ́. Ó ní, “Olúwa yóò fún ọ lókun.” Ẹnu dùn-ún rò'fọ́, àbí?

Ìyá Tẹni ló ń yí ìyá àgbà padà lórí ibùsùn. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó bá bàjẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Mo bá a káàánú dọ́kàn. Mo lọ bá a, mo ní, “Ìyá Tẹni, ẹ dá ilé ìwé yìí dúró ná. Ẹ kó wọn lọ sí ti ìjọba, ì báà ṣe ọdún kan péré, títí ara ìyá yóò fi yá.” Ojú tó fi wò mí! Ó ní, “Ìyá Kúlí, kí n dá wọn padà sí irú ibi tí mo ti kó wọn jáde? Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní tì fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kó tì, èṣù ni.” Mo yáa kúrò níbẹ̀ o, kí n má baà di èṣù.

Kò tì lóòótọ́. Ẹ fetí sí bí kò ṣe tì. Ó pe Tẹniọlá, ó ní, “Bá mi mú àwọn àbúrò rẹ fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan.” Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Tẹniọlá ló ń lu agogo, òun ló ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, òun ló ń máàkì. Bí ó bá ráhùn pẹ́nrẹ́n, ìyá rẹ̀ á ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.” Àgbà! Àgbà ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí. Bí ọmọbìnrin bá ti jẹ́ àkọ́bí, tó sì ti lè gbé ìkòkò kaná, a kì í kà á mọ́ ọmọdé mọ́, igbákejì ìyá ni. Wọ́n ṣe é fún èmi náà, wọ́n ṣe é fún Zipporah nílé bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi rí i.

Gbogbo àárọ̀ ni Ìyá Tẹni ń jáde láti yàrá ìyá àgbà, tí omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, á ṣí rẹ́jísítà. “Tẹniọlá.” “Mo wà níbí, mà.” Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá sílé ìwé. Ibà mú ọmọ yẹn lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fi aṣọ bora, ó jókòó sórí àga, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ojú pátákó fún àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n kọ ti ọjọ́ yẹn náà pé ó wá. Ó wá lóòótọ́, ta ló sọ pé kò wá? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni ni, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́.

Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn tí ìyá àgbà bá ti jẹun. Mo máa ń rí wọn. Ìyá Tẹni á ṣí ìwé kẹ́místìrì, á ka ìlà méjì, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, oorun ti gbé e lọ. Ọmọ náà á rọra yọ ìwé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ gbé ìkòkò kaná. Mo pè é, mo ní, “Kí ló dé tí o kì í jí wọn?”

Ó ní, “Màmá Kúlí, ẹ ò rí ọwọ́ wọn ni? Ọṣẹ ti bó o. Ó ti rẹ̀ wọ́n.”

“Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìwọ ń kàwé?”

“Bí mo ṣe ń kọ́ wọn, mo ń kọ́ ara mi náà nìyẹn.”

Irọ́ ni. Ta ló ń rí kẹ́místìrì kọ́ lára ọmọ tó ń kọ́ a-b-d? Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà á, kí n má fi ara mi pamọ́. Mo ti fi Kúlísúmù sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, á jẹun, á sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn Tẹniọlá. Kúlísúmù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí méjì, tí olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi lójúkojú pé olódo ni! Tẹniọlá wá tọrọ bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, ó tò wọ́n sílẹ̀ fún un lójoojúmọ́, ó ń kó wọn jọ, ó ń pín wọn, títí ìṣirò fi yé ọmọ náà. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ń royìn rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà mi, àwọn mìíràn sì gbé ọmọ tiwọn náà wá. N kò bi ara mi léèrè pé wákàtí tó fi ń kọ́ ọmọ mi, nínú wákàtí ta ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nígbà tó di ọdún kejì, ṣọ́ọ̀ṣì wọn pe Ìyá Tẹni kó wá bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa kọ́ ọmọ nílé nígbà tí ọwọ́ bá dí tàbí tí ìṣòro bá dé. Èmi ni mo rán aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n fi pè mí. Mo wé ìbòrí mi, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ o! Ó sọ bó ṣe nu pátákó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ìyá àgbà, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó wá gbé rẹ́jísítà sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, ọjọ́ kan ò bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, ọwọ́ rẹ̀ kì í dí jù láti kọ́ ọmọ.” Gbọ̀ngán hó yèè. Tẹniọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Akínjídé sùn lé e lẹ́sẹ̀ kan, ó gbé ìwé Olúgbádé lé orúnkún kejì, ó ń máàkì rẹ̀. Kò gbójú sókè, kò sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè. Ìbéèrè wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan péré ni: ta ló ń kọ́ Tẹniọlá? Mo dìde díẹ̀, mo tún jókòó. Ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Kúlísúmù sì wà lára wọn. Bí mo bá sọ ọ́, tí ìyá rẹ̀ gba ọmọ náà kúrò nídìí pátákó, ta ni yóò bá mi parí iṣẹ́ lára ọmọ tèmi? Mo gbé ìbéèrè náà mì. Ọlọ́hun gbọ́ o, mo gbé e mì.

Kúlísúmù yege. Ilé ìwé ìjọba tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ló wọ̀. Mo se ìrẹsì, mo gbé abọ́ ńlá kan fún Tẹniọlá, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun ló ń dúpẹ́!

Nígbà tí òun náà pé mẹ́rìndínlógún, ìyá rẹ̀ ní ó tó àkókò kó ṣe GCE, ìyẹn ìdánwò tí ẹni tí kò sí nílé ìwé lè ṣe. Kì í ṣe pé ó ti múra tán; ọjọ́ orí ló tó. Àwọn kan wá fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ó lé wọn jáde. Ìyẹn dára, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọmọ náà rí fi kàwé, tòun ti oúnjẹ sísè, tòun ti agogo lílù. Ọjọ́ tó ṣe kẹ́místìrì, bó ṣe ń bọ̀, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kò kí mi. Tẹniọlá tí kì í kọjá láìkúnlẹ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Fóònù mi la fi wo èsì. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn wa, ó ń fi ìró nu ọwọ́. Yorùbá, B. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, B. Gẹ̀ẹ́sì, C. Ìṣirò, F. Báyọ́lọ́jì, F. Físíìsì, F. Kẹ́místìrì, F. Gbogbo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì máa béèrè lọ́wọ́ ènìyàn gan-an ló bọ́. Tẹniọlá dá fóònù padà fún mi. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló figbe ta.

“Báwo? Tẹniọlá, báwo? Ọmọ tí kò pa ọjọ́ kan jẹ! Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ńkọ́?”

Ọmọ náà wò ó. “Kí lẹ kọ́ mi, Màmá?”

“Ohun tí mo ń kọ́ ọ láti ọdún mélòó kan wá!”

“Màmá, ìgbà tí ẹ kọ́ mi ní nǹkan kẹ́yìn, Akínjídé ò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ti ń ka Sáàmù báyìí.”

Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá àwọn kékeré sọ̀rọ̀ nídìí pátákó náà ló fi sọ ọ́. Ìyá Tẹni fìdí lé àpótí mi. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó sì dùn mí fún un, torí mo mọ̀ pé obìnrin náà kò jókòó gbìmọ̀ ibi sí ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ìyá àgbà fi ké láti inú yàrá, ara rẹ̀ ti tutù, wọ́n ní láti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ìyá Tẹni dìde, ó lọ.

Christopher dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Bóyá kì í ṣe ìfẹ́ Olúwa ni.” Inú bí mi! Mo ní, “Bàbá Tẹni, ẹ má fi ti Olúwa bọ̀ ọ́ o. Ìyá yín ni ẹ gbé lé ìyàwó yín lórí, ìyàwó yín gbé ilé ìwé lé ọmọ lórí. Ọmọ ló ru gbogbo yín, ẹ̀yin ń wá wẹ̀, ẹ ń wá jẹun, ẹ ń lọ.” Ó ní kí n má bínú. Wọ́n kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí ènìyàn má bínú.

Oníbàárà mi kan ló ní ilé ìwé kékeré kan, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdírì, ní Ìpele nítòsí wa. Mo sọ fún un, ó wá wo Tẹniọlá nídìí pátákó fún ìdajì wákàtí, ó ní òun ti rí olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ gbà. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ìtìjú. Tẹniọlá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní owó oṣù náà ni òun yóò máa fi lọ sí lẹ́sìn, kíláàsì ìmúra fún ìdánwò, lọ́jọọjọ́ Àbámẹ́ta, tí òun yóò sì fi tún GCE ṣe. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀, pé òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó níwájú olùkọ́. Mo ní kó má bẹ̀rù, yóò rántí. A rẹ́rìn-ín, èmi àti òun.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kadà ti dúró dè é níwájú ilé. Ìyá rẹ̀ jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù ti jókòó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó nà án sí Abigail, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní, “Abigail, bọ́ síwájú. Ìwọ ni àgbà báyìí.”

Abigail dìde. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Gbogbo wọn ló gbọ́ràn, ohun tó ń pa wọ́n nìyẹn.

Tẹniọlá ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ọ̀kadà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó padà wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Abigail, wọ bàtà rẹ.”

“Níbo lẹ ń lọ?” ìyá wọn béèrè.

“Màmá, ta ni yóò kọ́ Abigail?”

Ìyá Tẹni wo ṣọ́ọ̀kì tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

“Yóò máa bá mi lọ sí Ìpele. Mo ti mọ ohun tí n ó sọ fún wọn. Wọn yóò máa yọ owó ilé ìwé rẹ̀ nínú owó oṣù mi.”

“Tẹniọlá! Láàárín àwọn tó ń jí ìdánwò wò lo fẹ́ mú ọmọ mi lọ?”

“Màá máa ṣọ́ ọ, Màmá.”

Owó lẹ́sìn ló lọ yẹn. GCE kejì ló lọ yẹn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ níbi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ, ó sì yé òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó yẹ kí n ké jáde pé èmi ni n ó san ti Abigail. Ta ló sọ Kúlísúmù di ènìyàn? Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé Kúlísúmù fún táàmù yìí ṣì wà lọ́rùn mi, n kò sọ ọ́.

Wọ́n gun ọ̀kadà, Abigail wà láàárín. Kó tó gbéra, Tẹniọlá yíjú sí mi. Ó ní, “Màmá Kúlí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi yọjú sí Màmá lọ́sàn-án. Àwọn nìkan ò lè dá gbé ìyá àgbà dìde.”

Mo ní mo ti gbọ́.